Ọkọ́ Tí Mo Gbé Kọ́ Èjìká

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, àìmọye ìgbà ni mo sì ti dúró níwájú kíláàsì tí mo ń sọ fún àwọn ọmọdé pé irọ́ kò dára. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí kì í ṣe èyí tí mo kà nínú ìwé. Èmi gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ̀rín wà níbẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín. N kò ní bínú.

Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ́ni. Ọmọ Kétu ni ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ìlú wọn náà ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 2015, a rò pé kò ní pẹ́ tí a ó fi máa gbé abẹ́ òrùlé kan. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ tèmi, kò sì sí èyí tí ó tètè rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Nítorí náà òun wà lọ́hùn-ún, èmi wà níhìn-ín, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo sì máa ń lọ kí i.

Bí ènìyàn bá ti Abẹ́òkúta gba Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, Kétu kò tún jìnnà mọ́. Ohun tí ó wà láàrin Ìmẹ̀kọ àti Kétu ni ààlà. Ní ayé àtijọ́, kò sí ààlà kankan níbẹ̀. Abẹ́ Alákétu ni Ìmẹ̀kọ wà, ọmọ ìyá ni àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jókòó ní Paris, tí wọ́n fi ìlà pín ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú rí rí. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti burú tó: ìlú Kétu fúnra rẹ̀ ti dahoro nígbà náà, nítorí àwọn ọmọ ogun Dàhómì ti fọ́ ọ ní ọdún 1886, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà nígbèkùn nígbà tí a ń pín ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí iṣẹ́ àfipáṣe àti ìfipá-múni-ṣe-sójà àwọn Faransé wọ àwọn ènìyàn lọ́rùn, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sá kọjá ìlà yìí wá sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan lórí ọ̀ràn yìí. Òmìnira dé ní ọdún 1960, Dàhómì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Dàhómì sì yí orúkọ padà sí Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1975. Àwọn òyìnbó lọ, ìlà wọn kò lọ.

Mo mọ ìtàn yìí dáadáa, ìmọ̀ náà ni ó sì bà mí jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èé ṣe tí n kò ní pásípọ́ọ̀tù, n óò nà tán bí ẹni tí ń kọ́ kíláàsì, n óò sì sọ pé èmi kò lè gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó lọ kí aya mi nínú ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn létí. Mo ti sọ ọ́ níwájú bàbá ìyàwó mi pàápàá, ó sì gbọ́ ọ títí, kò fèsì.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé ọ̀nà kò dí mọ́ mi. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975 ti ṣe àdéhùn ní Dakar ní ọdún 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láìgba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí onítọ̀hún mú pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà mìíràn tí ó bófin mu dání, kí ó ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ó sì gba ẹnubodè tí ìjọba fọwọ́ sí kọjá. Ìwé ìrìnnà ti ECOWAS kan wà tí owó rẹ̀ kéré sí ti pásípọ́ọ̀tù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣooṣù ni mo ń sọ pé n óò gbà á ní oṣù tí ń bọ̀. Bí mo bá ka iye tí mo ti fi sí ọwọ́ àwọn afọ̀nà-hanni àti àwọn ọlọ́kadà inú igbó, ó pọ̀ ju owó ìwé náà lọ.

Ọgbọ́n tí mo dá nìyí. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ní oko ní ìhà méjèèjì ààlà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láìsí ẹni tí ń bi wọ́n ní ìwé. Mo yá ọkọ́ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ní Ìmẹ̀kọ. Bí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n óò bọ́ bàtà mi sínú àpò, n óò wọ ẹ̀wù kan tí ó ti gbó, n óò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, n óò sì gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí mo bá pàdé òṣìṣẹ́ ẹnubodè tí ń rìn yí igbó ká, tí ó bi mí pé níbo ni mò ń lọ, n óò ní, “Oko ni.” Ọkùnrin kan wà nínú wọn tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tí ó ti mọ̀ mí. Bí ó bá rí mi, á ní, “Àgbẹ̀, ẹ kú oko o.” Mo máa ń dá a lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi iṣẹ́ náà yangàn; mo máa ń sọ fún un bí òjò ti ṣe sí àgbàdo mi.

Ní ọdún 2017 ni ìyàwó mi bí àkọ́bí wa. Ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi ń ṣe ìdánwò ní ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Ìmẹ̀kọ. Mo sùn níbẹ̀, mo sì jí kí àkùkọ tó kọ. Mo di agbádá àti fìlà mi sínú àpò, mo fi àdìrẹ tí mo rà fún ìyá ọmọ lé e, pẹ̀lú oyin, iyọ̀, orógbó, ataare, àti fìlà kékeré kan tí màmá mi fọwọ́ ara rẹ̀ hun. Mo gbé ọkọ́ kọ́ èjìká.

Àyàfi bí mo ti pàdé ọkùnrin onírun funfun yẹn. Ó kí mi bí ó ti máa ń kí mi, mo sì dáhùn, ṣùgbọ́n àpò ọjọ́ náà tóbi ju ti àgbẹ̀ lọ. Ó ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tú u. Ó fa agbádá yọ, ó fa àdìrẹ yọ, ó wá mú fìlà kékeré náà, ó gbé e lé orí ìka rẹ̀ méjì, ó ń yí i bìrì. Ó ní, “Àgbẹ̀, irú oko wo ni ẹ ń lọ tí ẹ fi mú fìlà ọmọ tuntun dání?”

Ibi tí ó yẹ kí n ti sọ òtítọ́ nìyí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní ẹrù náà kì í ṣe tèmi. Mo ní tíṣà kan ní Abẹ́òkúta ni ó rán mi sí obìnrin kan tí ó bímọ ní Kétu. Ó ní, “Ṣé ẹ mọ obìnrin náà?” Mo ní, “Rárá, n kò mọ̀ ọ́n rí.”

Ó ní kò burú, kí a pe àwọn tí ó ni ẹrù kí wọ́n wá gbà á. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì mú mi jókòó. Nọ́ńbà tẹlifóònù bàbá ìyàwó mi wà nínú ìwé pélébé tí ó wà lára ẹrù, òun fúnra rẹ̀ sì ni ó pè é.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró alùpùpù. Bàbá arúgbó náà ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn ọlọ́kadà, nínú aṣọ òkè tí ó wọ̀ fún ìsọmọlórúkọ, ó fi ọwọ́ kan di fìlà rẹ̀ mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Òṣìṣẹ́ náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí?” Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo ẹ̀wù tí ó gbó, ó wo ọkọ́. Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ àgbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ tíṣà, ọkọ ọmọ mi ni.”

Òṣìṣẹ́ náà wá ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pamọ́: oko, àgbàdo, àti obìnrin tí n kò mọ̀ rí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀yin tí a tọ́ nílé Yorùbá mọ bí a ṣe ń ṣọ́ra lójú àna. N kò gbàdúrà ohun mìíràn ju pé kí ilẹ̀ lanu.

Bàbá kò bú mi. Ó ní, “O máa ń sọ fún mi pé ààlà òyìnbó ni. Òtítọ́ ni o sọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ Àkàbà Ìdènà? Ṣé òyìnbó ni? Kí òyìnbó tó dé, Kétu ní odi, ó sì ní ibodè. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé a dúró níbẹ̀, a dárúkọ ara rẹ̀, a sì sọ ilé tí òun ń lọ. Ẹni tí ń fo odi, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Ọmọ mi kò fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.”

Òṣìṣẹ́ náà, kí n sọ tirẹ̀ fún un, ní nítorí ọmọ tuntun òun lè fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ni kò gbà. Ó ní kí n padà, kí n lọ gba ìwé. Ó ní ọmọ náà kò ní sá. Ó gbé àpò, ó fi ọkọ́ sílẹ̀ fún mi, alùpùpù sì gbé e lọ. Títí di òní, n kò lè sọ pé gbogbo ọkàn mi ni mo fi gba ìdájọ́ yẹn. Kí a sọ ọmọ lórúkọ kí bàbá rẹ̀ má sí níbẹ̀, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó le. Mo bínú sí i fún ọjọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí pé mo ní n kò mọ ìyá ọmọ náà rí, ìbínú mi a rọ̀.

Inú ọkọ̀ ni mo wà, ní Ayétòrò, nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n gbọ́ orúkọ. Ariwo pọ̀, àwọn obìnrin ń kọrin, ẹ̀rọ náà sì ń já. Ìgbà kẹta ni mo tó gbọ́ ọ. N kò ní kọ orúkọ náà síhìn-ín, nítorí ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí, kò sì fẹ́ kí n máa fi òun ṣe àpẹẹrẹ.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n tó rí ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbà. Mo wọ bàtà, mo wọ aṣọ gidi, mo sì gba ẹnubodè títì lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó níbẹ̀ bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe ní Kétu. Mo ní, “Ìyàwó mi ni mo ń lọ kí, àti ọmọ mi.” Mo gbọ́ ọ bí ohùn mi ti ròkè ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn tí ó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má sì rò pé gbogbo nǹkan wá rọ̀ṣọ̀mù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, n kò fún un, ó sì fi mí sórí àga gbọọrọ kan fún bí wákàtí kan kí ó tó lu òǹtẹ̀. Mo jókòó tì í.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo wọ Kétu. Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, fìlà kékeré yẹn lórí rẹ̀. Kò kí mi. Ó wo èjìká mi ọ̀tún, ó wo tòsì, ó ní, “Ọkọ́ yín dà?”

Mo ní mo ti dá a padà fún ẹni tí ó ni ín.

Ó ní, “Ó dára. Èmi, ọkọ ni mo fẹ́.” Ó sì tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́.