Ariwo lórí ọ̀pẹ n'Ìbàdàn: àwọn ọmọ ẹ̀gà ló ń múra àtifò!

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ jáde n'Ìbàdàn, tó yà wọ ọgbà IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967 fún ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ariwo. Àwọn ẹ̀gà ni o. Ìtẹ́ wọn so rọ̀ lórí igi bí èso, àwọn akọ ń ya imọ̀ ọ̀pẹ hunlé, wọ́n sì ń bára wọn fa wàhálà.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìtẹ́ yẹn ju ariwo lọ. Nǹkan bí ọjọ́ 12 ni abo fi ń sàba. Tó bá pamọ, ọmọ náà kò níyẹ̀ẹ́ kankan, ojú rẹ̀ dì pa, bí ẹran lásán ló rí. Kòkòrò ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Nígbà tó bá yá, ìyẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gún jáde lára rẹ̀ bí abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Èèpo tó wé e á bó, ìyẹ́ á wá ṣí bí màrìwò.

Ẹ wá wo ibi tọ́rọ̀ le sí: ìsàlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀gà kọjú sí! Kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọmọ yóò ti dúró wòran. Tó bá jáde, àfi kó napá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ló ń lọ. Kò sí tíṣà tó kọ́ ọ ní fífò, ó ti bí i mọ́ ọn ni. Bíbà sórí ẹ̀ka ló máa ń dà á láàmú títí tó fi mọ́ ọn lára.

Láti orí ẹyin dé fífò, kò ju bí oṣù kan lọ. Ẹni tí ariwo sú, tó wá yọ àdá ti imọ̀ láàárín oṣù yẹn, àwọn tí ìyẹ́ wọn ṣì jẹ́ abẹ́rẹ́ ló pa. Èyí táwọn ọmọdé bá sì rí nílẹ̀ kì í ṣe ọmọ òrukàn. Ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Kí wọ́n gbé e lé ẹ̀ka, kí wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ìbátan ẹ̀gà kan wà nínú igbó IITA yìí, Ibadan Malimbe, tó jẹ́ pé ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Igbó tí wọ́n ń gé ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ẹ̀gà ṣì pọ̀ ní tiẹ̀. Oṣù kan péré ló ń tọrọ lọ́wọ́ onílé.