Nígbà Tí Oòrùn Bá Mú Lórí Òkè



Lọ́dọ̀ wa, oòrùn òwúrọ̀ ní àkókò ọyẹ́ jẹ́ ohun ayọ̀: àgbà a jókòó síta, ọmọdé a yá oòrùn. Nítorí náà, bí ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Faransé bá sọ fún wa pé òtútù ti ń lọ, a máa ń dúpẹ́, a sì máa ń rò pé ewu ti kọjá. Ṣùgbọ́n lórí òkè gíga, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Àbúrò wa kan ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Grenoble, ìlú tí àwọn òkè Chartreuse, Belledonne àti Vercors yí ká. Ní ìgbà ìrúwé, láti oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún, ìgboro a máa móoru, ṣùgbọ́n òjò dídì ṣì wà lókè. Ó kọ̀wé sí wa pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ọjọ́ ti dára, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ gun òkè.” A kò ní kó má lọ. A kàn bi í pé: “Aago mélòó lẹ ó jáde? Aago mélòó lẹ ó padà?”

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ lóru, òjò dídì a gan, a sì le. Bí oòrùn bá mú, omi a bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú rẹ̀. Ẹ wo ògiri amọ̀ tí omi ti mu ìdí rẹ̀: ó dúró, ó dúró, lójijì ó wó. Bẹ́ẹ̀ ni òjò dídì ṣe ń ya lulẹ̀ láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ohun tí àwọn Faransé ń pè ní avalanche. Èyí tó ti mu omi wúwo púpọ̀: mítà kan níbùú, lóòró àti lóòró sókè rẹ̀ lè tó 400 kílò.

Nítorí náà, kí wọ́n jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló kọ́kọ́ ń rọ̀. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run mọ́jú, òjò dídì kò gan dáadáa. Kí wọ́n jókòó sílé. Bí ẹsẹ̀ bá ń rì, kí wọ́n padà. Météo-France máa ń kéde ìwọ̀n ewu, láti 1 dé 5. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé 3 kéré.

Ẹni tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ni ìrètí rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ni yóò wú u jáde, nítorí náà kí olúkúlùkù wọn mú ẹ̀rọ ARVA, ṣọ́bìrì àti ọ̀pá gígùn tí a fi ń wá ènìyàn dání. Ní ọjọ́ Àjíǹde, 9 oṣù kẹrin 2023, ènìyàn 6 kú ní Armancette, nítòsí Mont Blanc. Àwọn tó ń fi ọ̀nà òkè han ènìyàn wà lára wọn.

Ẹ̀yin òbí, a máa ń bi ọmọ wa pé: “Ṣé o ti jẹun? Ṣé òtútù kò mú ọ?” Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń gbé nítòsí òkè, ẹ fi ọ̀kan kún un: “Aago mélòó lo máa sọ̀ kalẹ̀?”