Ohùn Kì Í Ṣe Kọ́kọ́rọ́

Ta ni kò gbọ́ ìtàn Ajá àti Ìjàpá rí? Nígbà ìyàn, Ajá gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run. Bí ebi bá ń pa á, orin ni yóò kọ, ìyá á sì ju okùn sílẹ̀ láti fà á sókè. Ìjàpá fetí kọ́ orin náà, ó sín Ajá jẹ, ni okùn bá wálẹ̀. Ohùn ni ìyá yẹn gbọ́, kò rí ẹni tó ń kọrin.

Ìtàn yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kà pé, ní 2016, báńkì HSBC bẹ̀rẹ̀ sí fi ohùn dá oníbàárà mọ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kọ̀ǹpútà á wọn bí ohùn yín ṣe ga sí àti bí ọ̀fun àti ẹnu yín ṣe ń yí i. Á sọ gbogbo rẹ̀ di nọ́ńbà, á fi pamọ́. Bí ẹ bá tún pè, á gbé tuntun ti ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn kì í dọ́gba lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀fìnkìn wà, ariwo ọjà wà. Bí ohùn méjèèjì ṣe jọra tó ni ẹ̀rọ náà ń wò. Bí wọ́n bá mú un le jù, onílé gan-an á sùn síta. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́ jù, olè á wọlé.

Ní 2017, oníròyìn BBC kan dán an wò ní báńkì náà. Ìbejì ni, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra délẹ̀. Èkejì rẹ̀ sín in jẹ. Ó kùnà lẹ́ẹ̀meje. Ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ó wọlé. Kò lè gba owó jáde, ṣùgbọ́n ó mọ iye tó wà níbẹ̀. Ní 2023, akọ̀ròyìn kan, Joseph Cox, kò tilẹ̀ wá ìbejì. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣe ayédèrú ohùn òun, ó sì fi wọ àkáǹtì ara rẹ̀ ní báńkì Lloyds. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, a ó pààrọ̀ àgádágodo. Bí wọ́n bá jí ohùn, ọ̀fun wo la ó pààrọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ohùn ló fi ń dá àwa ọmọ rẹ̀ mọ̀ lórí fóònù. Kí n tó kí i tán, á ti pe oríkì mi. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn ti gbé mi dé orí rédíò lọ́pọ̀ ìgbà. Ohùn mi wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ṣé kí n wá máa fura sí ọmọ tí mo bí ni?”

Mo ní, “Rárá o, Màámi. Ẹni tó bá gbé ohùn mi wọ̀ ni kí ẹ fura sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ owó, ẹ bi í ní ohun tí èmi àti ẹ̀yin nìkan mọ̀.”

Inú rẹ̀ ò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó gbà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ pe àwọn àgbà yín lónìí, kí ẹ jọ fẹnu kò sí ìbéèrè kan. Kí ẹ má ṣáà lọ sọ ìdáhùn rẹ̀ lórí rédíò o.