Òkúta Ààlà Ọ̀nà Oko

Lọ́nà oko ìyá ìyá mi, nítòsí Ìlárá, òkúta ààlà kan wà láàárín koríko. Sìmẹ́ńtì ni, kò ga ju orúnkún lọ, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ṣí. Orí rẹ̀ ni màmá máa ń sọ apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kà bí ó bá rẹ̀ wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn kan á wà ní Nàìjíríà, ìkejì á wà nílẹ̀ Faransé, bí a ṣe ń pe Benin lọ́dọ̀ wa títí dòní.

Ilẹ̀ Kétu ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti ìlú Alákétu, ọba Kétu, títí dé Ìmẹ̀kọ: ilẹ̀ pupa, ọ̀dàn, igi oṣè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tó gba ilẹ̀ wa kọjá. Èyí ló máa ń dùn mí jù. Ahoro ni Kétu wà nígbà tí wọ́n ń pín in. Àwọn tí ì bá sọ̀rọ̀ wà lóko ẹrú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni wọ́n tó padà wá tún ilé kọ́, wọ́n sì bá ààlà nílẹ̀.

Ẹnubodè àtijọ́ wọn, Akaba Ìdènà, ṣì wà. Mo ti dúró níbẹ̀ rí, mo fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Ará Kétu ló gbẹ́ yàrà tó yí ìlú ká, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń dènà. Ta ni òkúta tiwa ń dènà?

Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, tí Faransé ń fipá kó ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe sójà, ọ̀pọ̀ ló sá wọ ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹbí ni wọ́n sá wá.

Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti bodè. Iṣu tuntun ti jáde. Àbúrò màmá ti òdìkejì wá, màmá náà ti ìhín lọ. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkúta náà, ẹnì kan níhìn-ín, ẹnì kan lọ́hùn-ún, wọ́n tẹ́ ewé lé e lórí, wọ́n sì jọ jẹ iṣu sísun.