Ta Ló Ń Ṣọ́ Ojúewé Náà?

Kí Wikipedia tó dé, Nupedia ni Jimmy Wales àti Larry Sanger kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ó máa kọ̀wé síbẹ̀, àyọkà kọ̀ọ̀kan sì ní láti la ìpele àyẹ̀wò méje kọjá kí ayé tó rí i. Ní odindi ọdún àkọ́kọ́, àyọkà tó jáde kò ju nǹkan bí ogún lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2001, wọ́n ṣí Wikipedia, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún ọ̀mọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀, ẹni tó mọ̀ àti ẹni tó rò pé òun mọ̀. Lónìí, àyọkà tó wà nínú ti èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti lé ní mílíọ̀nù 6.

Ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú Wikipedia wá ni pé, “Ta ló kọ ọ́?” Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature ní kí àwọn onímọ̀ yẹ àyọkà 42 wò láti inú Wikipedia àti láti inú Encyclopaedia Britannica, láìjẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Àṣìṣe bíi mẹ́rin ni wọ́n rí nínú àyọkà Wikipedia kọ̀ọ̀kan, bíi mẹ́ta nínú ti Britannica. Àwọn ará Britannica ta ko ìwádìí náà gidigidi. Síbẹ̀, ó hàn pé ìwé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe.

Ọdún yẹn kan náà ni ẹnìkan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ lọ kọ ọ́ sórí Wikipedia pé wọ́n fura sí John Seigenthaler, àgbà akọ̀ròyìn ní Amẹ́ríkà, pé ó lọ́wọ́ nínú ikú Ààrẹ John Kennedy àti àbúrò rẹ̀, Robert. Irọ́ burúkú ni. Seigenthaler bá Robert ṣiṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó lé ní oṣù mẹ́rin tí irọ́ náà fi wà níbẹ̀. Ti Jar'Edo Wens tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ní òrìṣà àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ni, bẹ́ẹ̀ kò sí òrìṣà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n kọ ọ́, ọdún 2015 ni wọ́n tó yọ ọ́, ó sì ti ráyè wọ inú ìwé títẹ̀ kó tó di ìgbà náà. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Òótọ́ bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kà á tí wọ́n sì gbà á gbọ́ ńkọ́?

Ojúewé tí èrò kì í sábà yà sí ni méjèèjì.

Ti Ebola yàtọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn náà wọ Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù ní Nàìjíríà pé kí oníkálùkù fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀. Àwọn kan bá a lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kò fi ẹ̀rí kankan hàn, kò sì sí bí dókítà ṣe lè wọ inú rẹ̀ kí ó tún un ṣe. Ní àkókò kan náà, James Heilman, dókítà ará Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti àyọkà Ebola lórí Wikipedia, wọ́n ń yẹ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá wò. Láàárín oṣù kan, ìgbà mílíọ̀nù 17 ni wọ́n ṣí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùtumọ̀ tí kò gba kọ́bọ̀ sì gbé e lọ sínú ọ̀pọ̀ èdè mìíràn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá àyọkà kan ṣe é gbọ́kàn lé, ìsàlẹ̀ ni kó lọ, níbi tí àwọn ìtọ́kasí wà. Kó tún ṣí ìtàn àtúnṣe rẹ̀, níbi tí gbogbo ìyípadà wà láti ọjọ́ kìíní, àti ojúewé tí àwọn olóòtú ti ń bá ara wọn jiyàn. Ìwé títẹ̀ wo ló ń jẹ́ kí òǹkàwé rí àríyànjiyàn tó bí gbólóhùn kan? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́ èyí nìkan níbẹ̀, ó ti kọ́ nǹkan ńlá.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan èdè tí olóòtú rẹ̀ kò pọ̀, àyà ń já ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, àṣírí tú pé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí kò gbọ́ èdè Scots ló kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àyọkà inú Wikipedia èdè náà. Kò ní èrò ibi. Ọmọdé ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí àgbàlagbà tó gbọ́ èdè náà nítòsí láti dá a dúró. Ní ọdún 2025, wọ́n pinnu láti ti Wikipedia èdè Greenland pa, nítorí pé àwọn tí kò gbọ́ ọ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú irú ojúewé bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹ̀rọ ìtumọ̀ ti ń kọ́ èdè.

Wikipedia Yorùbá ní àyọkà tó lé ní 30,000, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ìlà kan tàbí méjì lọ. Òfin ibẹ̀ ni pé ohun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí nínú ohun tí a ti tẹ̀ jáde. Òfin dáadáa ni, àmọ́ ó nira fún àwọn tí ìtàn wọn wà lẹ́nu arọ́kin. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní ọdún 1921, ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Nítorí pé ó wà ní títẹ̀, òun ni olóòtú máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìlú tí kò bá ní Johnson tirẹ̀ a di ìlú onílà mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, I. B. Akínyẹlé ti tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde láti ọdún 1911 ní èdè Yorùbá, Wikipedia kò sì sọ pé dandan ni kí ẹ̀rí jẹ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Irú ìwé ìtàn ìlú bẹ́ẹ̀ wà ní ilé-ìkàwé àwọn yunifásítì wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Yorùbá lè ṣí ọ̀kan, kó fi kún àyọkà ìlú rẹ̀, kó tọ́ka sí ojúewé tó ti rí i, kí olùkọ́ rẹ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò títí kan àmì ohùn, bó ṣe ń yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò.