Tí Ọwọ́ Bá Ń Kú, Ẹ Yẹ Ọrùn Náà Wò

Àwa tá à ń fi orí ru ẹ̀gẹ́ àti kẹ́ẹ̀gì epo láti oko dé etí títì, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Tí ìrora bá gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, tí ìka ń kú, tí àdá ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ọ̀pọ̀ á ní làkúrègbé ni. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Eegun 7 ló wà lọ́rùn. Àárín wọn ni iṣan tí ọpọlọ fi ń rán ọwọ́ níṣẹ́ ń gbà jáde. Tí ibẹ̀ bá fún un pọ̀, ọwọ́ ló máa ń jìyà ẹ̀.

Dókítà á ní ká gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dán agbára ọwọ́ wò, á fi òòlù kékeré gbá ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń sàn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìṣe iṣẹ́ abẹ: oògùn tí wọ́n bá kọ, eré ìdárayá ọrùn, àti ìsinmi kúrò lábẹ́ ẹrù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí yín lọ́rùn kó ró “kọ̀” o!

Àmọ́ tí ẹsẹ̀ bá ń wọ́, tí ọwọ́ méjèèjì ò lè de bọ́tìnnì mọ́, tàbí tí ìtọ̀ ò ṣeé mú dúró, ọjọ́ náà gan-an ni ká lọ ọsibítù.

Ẹgbẹ́ wa ti dáwó ra bárò. Owó ẹ̀ dùn wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ò lè di ọkọ́ mú, kí la fẹ́ fi kọ ebè?