Sẹ́ńsọ̀ Tó Di Mọ́ Sàlẹ́ńsà ní Mowé

Ògèrè ni mo dé, mo ń ti Ìbàdàn bọ̀, tí iná ẹ́ńjìnì fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ kò pariwo, kò sì gbọ̀n, àmọ́ mo ti ń fura sí géèjì epo láti ìgbà tí mo ti gbéra. Ó ń já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ògèrè kì í ṣe ibi téèyàn ń dúró wo ìdí ọkọ̀ láàárín tírélà. Mo rọra wà á lọ lórí òpópónà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1978 yìí, mo kọjá oríta Ṣàgámù, mo kọjá Redemption City. Ìbafò ni mò ń lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Má tíì wá sílé. Yà sí Mowé, kó o gba ọ̀nà Ọ̀fàdà. Mẹkáníìkì mi wà níbẹ̀."

Ríwáyà ló kọ́kọ́ bá mi wò ó. Ó ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ abẹ́ sítíà, P0135 sì jáde lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ ni, èyí tó ṣáájú kátálíìsì. Wáyà tó ń mú un gbóná nínú ti jó."

Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ yìí ni pé kó máa yẹ èéfín wò bó ṣe ń kọjá nínú sàlẹ́ńsà, kó mọ bí ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí ọ́síjìn bá pọ̀, iná tó ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 0.1 fóólìtì, bó bá jẹ́ epo ló pọ̀ jù, á gòkè dé nǹkan bíi 0.9. Kọ̀ǹpútà á wá dín epo kù tàbí kó fi kún un. Ṣùgbọ́n àfi kí inú sẹ́ńsọ̀ gbóná tó nǹkan bíi 300 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kó tó lè sọ òótọ́. Bí kò bá tètè gbóná, ṣe ni kọ̀ǹpútà á máa fojú bù ú, tí á sì máa da epo sí i. Iléeṣẹ́ Bosch ní Jámánì ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọ ọkọ̀ títà, inú Volvo ni, ní 1976. Lónìí, ọkọ̀ tọ́kunbọ̀ tí kò ní in ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù kẹwàá 2024, nígbà tí lítà epo kan sún mọ́ ₦1,000 l'Ékòó, ta ló lówó tí ọkọ̀ ń mu dànù?

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ọkùnrin kan tó ń ra kátálíìsì kiri dé. Ó ní ká kúkú gé gbogbo rẹ̀ kúrò, òun á sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé nítorí pàlátínọ́ọ̀mù àti pàlédíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ni. Mo kọ̀, ọ̀gá mẹkáníìkì náà sì kọ̀. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń rìn létí títì Mowé ló máa fa èéfín tí kátálíìsì ì bá sọ di aláìléwu símú. Inú mi kì í dùn sí òwò yẹn rárá.

Ọ̀gá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi sípánà 22 gbá sẹ́ńsọ̀ náà mú, kò mira. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná àti omi ló so wọ́n pọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gbóná tó ń tutù, omi òjò inú kòtò sì ń ta sí i." Nígbà tí sípánà fẹ́ yọ̀ lára rẹ̀, kíá ló dáwọ́ dúró. Bí etí nọ́ọ̀tì bá jẹ pẹ́nrẹ́n, kò sóhun tí sípánà tún lè gbá mú mọ́. Ó fọ́n WD-40 sí gbòǹgbò rẹ̀, ó ní ká jẹ́ kó mu ún di ọjọ́ kejì. Ó rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ládipọ̀ ní Múṣin láti ra Denso tuntun, èmi náà sì wọ kórópe lọ sùn ní Ìbafò.

Nílẹ̀ ọjọ́ kejì, ó gé wáyà sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì lè bò ó pátápátá, ó sì fi páìpù gígùn kún ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ kò yí. Ìgbà yẹn ló ránṣẹ́ sí panẹbítà pé kó gbé gáàsì wá: dúrọ́ọ̀mù kábáìdì pẹ̀lú sìlíńdà ọ́síjìn. Wọ́n tú orí bátìrì, wọ́n fi aṣọ tútù bo àwọn wáyà àti páìpù epo, wọ́n gbé garawa iyanrìn sítòsí.

Kì í ṣe ara sẹ́ńsọ̀ ni panẹbítà náà gbájú iná mọ́. Òrùka irin tí wọ́n jó mọ́ sàlẹ́ńsà, níbi tí sẹ́ńsọ̀ wọ̀ sí, ló ń yí iná ká títí ó fi pọ́n. Bí òrùka náà bá gbóná, á fẹ̀, ìmú rẹ̀ á sì dẹ̀. Ọ̀gá kò jẹ́ kó tutù. Ó kọ́kọ́ dè é díẹ̀ sí i kí ìpẹtà lè já, ó wá tú u. Ó han kíí, eruku pupa dà sílẹ̀. Ó tú u díẹ̀, ó dá a padà díẹ̀, ó tún fọ́n òróró sí i, kò fagbára kán an, títí ó fi jáde tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé.

Ó fi táàpù M18 tún ojú ihò náà ṣe. Ó fi gíríìsì kọ́pà ra ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó kan orí rẹ̀, nítorí gíríìsì máa ń ba ibẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ lásán ló fi yí i wọlé, ó tó wá fi sípánà dè é.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná, ríwáyà pa kóòdù náà rẹ́. P0135 kò padà wá. Panẹbítà ti ń palẹ̀ gáàsì mọ́ nígbà tí ọ̀gá ní kó dúró ná. Ó ní kó yáná sí sẹ́ńsọ̀ kejì, èyí tó wà lẹ́yìn kátálíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bàjẹ́. Ó tú u, ó fi gíríìsì kọ́pà ra ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dá a padà, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e.